Wọn Ò Ṣí Fóònù Yín, SIM Ni Wọ́n Yọ

Ìyá Oníkọ̀ǹpútà ń dá yín lóhùn

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ló sì wà nínú gbogbo wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Mọ́kọ́lá, báǹkì ni mo ti ṣiṣẹ́, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn káàdì ATM. Àwọn tí owó wọn ti fò lọ ló ń wá jókòó níwájú mi. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ máa bẹ̀ mí, bí ẹni pé èmi ni mo kó o pamọ́. Ìdí nìyí tí ẹ kì í fi í gbọ́ kí n máa pariwo fáírọ́ọ̀sì lójú ewé yìí. Láìnì fóònù yín àti íméèlì yín ni mo máa ń tẹnu mọ́. Ibẹ̀ ni báǹkì ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni WhatsApp ń fi tiẹ̀ sí, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà bí ẹnikẹ́ni bá ti lè sọ pé òun gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá gba méjèèjì ti gba ìyókù.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbági ni mo ti ń ta àǹkárá. Wọ́n fa fóònù mi yọ nínú máíkírà láti Gate sí Ìwó Road. Ọkàn mi balẹ̀, torí ìtẹ̀ka ni mo fi tì í, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Ọjọ́ kejì tí mo dé báǹkì, wọ́n ní owó ọjà mi ti lọ lóru. Wọ́n tún ti fi orúkọ mi yá owó lórí áàpù kan. Báwo ni wọ́n ṣe ṣí fóònù mi? — Ìyá Aláǹkárá, Ìbàdàn*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi, ẹ kú àdánù. Olúwa á fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Ṣùgbọ́n wọn ò ṣí fóònù yín o, wọn ò tiẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu débẹ̀. Abẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n fi yọ SIM yín, wọ́n fi í sínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, láìnì yín sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbé e lọ́wọ́. Ìtẹ̀ka tí ẹ fi tì í, ara fóònù ló tì. Kò ti SIM.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa tẹ kóòdù àwọn báǹkì, èyí tó ń fi * bẹ̀rẹ̀ tó sì ń fi # parí, lọ́kọ̀ọ̀kan títí èyí tí ẹ ń lò á fi dáhùn. Kóòdù ọ̀hún kò fara sin, ara ògiri báǹkì ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí wọn ò bá mọ PIN yín, wọ́n á ní àwọn ti gbàgbé rẹ̀, àwọn fẹ́ yan òmíràn. Ẹ̀rọ á wá bèèrè nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn: nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn lára káàdì, tàbí ọjọ́ ìbí, tàbí kóòdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí láìnì. Kóòdù ti wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ ìbí ńkọ́? Ẹ wo Facebook yín, ìyá mi, níbi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń kí yín kú oríire ọdún. Bí ẹ bá sì wà lára àwọn tó ń ti káàdì ATM bọ ẹ̀yìn páálí fóònù, a jẹ́ pé ẹ ti bá wọn parí iṣẹ́.

Ní 2018, Báǹkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, fi ₦100,000 ṣe òdiwọ̀n ohun tí èèyàn lè fi irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fi ránṣẹ́ lóòjọ́. Ìdí nìyẹn tí òru fi bá wọn lára mu: wọ́n á kó ti òní kí aago méjìlá tó lù, wọ́n á kó ti ọ̀la bó bá ti lù tán. Bí wọ́n bá wá fi láìnì náà ṣí áàpù báǹkì yín sórí fóònù mìíràn, òdiwọ̀n yẹn ò lè dí wọn lọ́wọ́ mọ́.

Ní ti owó tó ti lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí báǹkì, ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Kí ọjọ́ àti aago tí wọ́n jí fóònù wà nínú rẹ̀, kí aago tí ẹ fẹjọ́ sùn náà wà níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ẹ ní kí wọ́n kàn sí báǹkì tí owó náà bọ́ sí, kí wọ́n dá ohun tó bá ṣẹ́kù níbẹ̀ dúró. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọ́n ṣì ń ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng ni íméèlì wọn. Owó tó bá jáde lẹ́yìn tí ẹ ti fẹjọ́ sùn, ẹ lẹ́nu ọ̀rọ̀ gidi lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da aago láàmú. Èyí tó ti jáde ṣáájú, n kò ní purọ́ fún yín, ó máa ń ṣòro. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti ń gbà á lówó lọ́dọ̀ oní-POS.

Ẹ kọ̀wé sí àwọn ayánilówó náà pẹ̀lú, ẹ fi ìwé ọlọ́pàá sí i. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn yín láti dójú tì yín, àjọ FCCPC ló ń bójú tó àwọn ayánilówó orí fóònù, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ fẹjọ́ lọ.

Ẹ̀yin yòókù tí fóònù yín ṣì wà lọ́wọ́, ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lọ sí ibi ètò ààbò inú fóònù náà. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń fi PIN sí SIM. Bí ẹ bá ti fi sí i, ẹni tó bá yọ SIM yín sínú fóònù mìíràn, PIN ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, SIM á tì, á máa bèèrè PUK, ìyẹn kóòdù ìṣísílẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Ẹ̀yin náà ẹ má fi ìméfò tẹ̀ ẹ́ o! PIN kan wà tó ti wà lórí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́; ẹ pe 300 kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó yí i padà. Gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ló ti ń lo 300 láti 2023.

Ohun kejì ni páálí kékeré kan nínú pọ́ọ̀sì, kì í ṣe nínú fóònù. Ẹ kọ kóòdù tí báǹkì yín ń lò láti dá àkáǹtì dúró láti orí fóònù ẹlòmíràn síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ báǹkì ló ní in. Bí tiyín kò bá ní, ẹ kọ nọ́ńbà ibi ìpè wọn. Bí wọ́n bá fa fóònù yín yọ, ẹ má wulẹ̀ dúró sunkún nínú ọkọ̀. Ẹ yá fóònù ẹni tó jókòó tì yín, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, láìnì ni kí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Fún ti láìnì, ẹ wá ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ bá fi pe 300 náà ló máa gbé e.

*Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Òun ni mo fi ń wo owó ìfẹ̀yìntì mi, òun náà ni ọmọ-ọmọ mi fi ń ta géèmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú rẹ̀ pọ́n wá, ó ń han bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ọlọ́pàá, ó ní Microsoft ni òun, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí n pe nọ́ńbà kan kíákíá. Ọmọ náà wá jẹ́wọ́ pé òun gba Windows ọ̀fẹ́ kan sórí rẹ̀. Ṣé kí n ra àǹtífáírọ́ọ̀sì ni? — Bàbá Tíṣà, Ìjẹ̀bú-Òde*

Bàbá mi, ẹ má pe nọ́ńbà yẹn. Microsoft kì í kọ nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán ni ohun tí ẹ rí, ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ tẹ Alt àti F4 pa pọ̀. Bó bá ṣe agídí, ẹ di bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà mú títí yóò fi kú. Bí ẹ bá tún tan án, tó bi yín bóyá kí òun dá àwọn ojú ìwé tẹ́lẹ̀ padà, ẹ ní rárá. Ká ní ẹ pè wọ́n ni, wọ́n á ní kí ẹ gba AnyDesk tàbí TeamViewer. Kò sí ohun tó ṣe áàpù méjèèjì, èmi náà máa ń fi irú wọn tún kọ̀ǹpútà oníbàárà ṣe láti ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n àjèjì tó bá gbabẹ̀ wọlé, bí ẹ ṣe ń wo báǹkì yín lòun náà á máa wò ó, ọwọ́ rẹ̀ á sì wà lórí máòsì.

Windows ọ̀fẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí. Àwọn tó ń pín irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ kọ́kọ́ pa Defender, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó bá Windows wá. Ẹni tó ní kí ẹ so ajá yín mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó ń bọ̀ wá ṣe? Ohun tó wọ́pọ̀ nínú ẹrù wọn ni olè tó ń kó àwọn páásìwọ́ọ̀dù tí èèyàn ti fi pamọ́ sínú Chrome, tó tún ń kó kúkì. Kúkì ló ń jẹ́ kí Gmail dá yín mọ̀ pé ẹ ti wọlé lánàá, tí kì í fi í bi yín ní nǹkan kan lónìí. Bó bá ti dọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun náà á wọlé láìsí páásìwọ́ọ̀dù, láìsí kóòdù.

Nítorí náà, fóònù yín ni kí ẹ fi ṣe ohun tó kàn, ẹ má fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣe é. Ẹ yí páásìwọ́ọ̀dù íméèlì padà, ẹ sì lé gbogbo ẹ̀rọ mìíràn tó bá wà lórí rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn íméèlì ni báǹkì. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra àǹtífáírọ́ọ̀sì, ẹ fi ra ẹja. Defender tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn tó fún kọ̀ǹpútà ilé. Kọ̀ǹpútà yín ní láti di fífọ̀ mọ́ pátápátá, kí wọ́n fi ojúlówó sí i. Kí wọ́n má sì fi Windows 10 sí i, nítorí Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Bí ẹ̀rọ náà bá ti darúgbó ju ohun tó lè gbé Windows 11, ẹ ní kí wọ́n fi Linux Mint sí i, ìyẹn ètò mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, àmọ́ ọ̀fẹ́ tó mọ́ ni.

Ẹ má lu ọmọ o. Ẹ ní kí wọ́n ya àyè tirẹ̀ sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí kò ní àṣẹ láti gba áàpù tuntun sí i. Bó bá rí géèmù tó wù ú, á wá bá bàbá àgbà fún páásìwọ́ọ̀dù, ẹ̀yin náà á sì mọ ohun tó ń wọlé.

*Ẹ káàsán mà. Ọkùnrin kan pè mí pé láti báǹkì mi ni. Ó pe orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ka nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó tún ka nọ́ńbà mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ káàdì mi, kò ṣì í. Ó ní BVN mi fẹ́ kú, kí n tẹ líǹkì kan. Àmì àgádágodo wà lórí líǹkì náà, síbẹ̀ ara mi kọ̀ ọ́. Ṣé báǹkì ni lóòótọ́? — Agùnbánirọ̀ kan, Akúrẹ́*

Gbájúẹ̀ ni, ọmọ mi. O ṣeun tí o gbọ́ ti ara rẹ.

Wò ó, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ kì í ṣe àṣírí. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá náà sínú áàpù báǹkì bí ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ rẹ á yọ sí i lójú. Ta ni nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí kò tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ WhatsApp rí lọ́jọ́ ìbí rẹ̀? Nọ́ńbà mẹ́fà tó kà ni mo fẹ́ràn jù nínú ọgbọ́n wọn, nítorí ó ti mú àwọn amòfin lójú mi. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ káàdì, báǹkì àti irú káàdì náà ló ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìwọ. Gbogbo Visa ló ń fi 4 bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó gba irú káàdì kan náà ní báǹkì yín ni mẹ́fà yẹn lè bá mu. Ohun tí yóò ní kí o ka fún òun ni ìyókù, àti mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì, àti OTP, ìyẹn kóòdù ìgbà kan ṣoṣo tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí láìnì. Àwọn wọ̀nyẹn ni òun kò ní.

BVN kì í kú. Láti oṣù kejì 2014 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, nọ́ńbà mọ́kànlá tí wọ́n bá fún ọ náà ni wàá máa lò lọ.

Ní ti àgádágodo, ohun tó ń sọ kò ju pé ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè ka ohun tí ìwọ àti ojú ìwé náà ń bá ara yín sọ. Kò sọ ẹni tó ni ojú ìwé. Olè náà lè gba tirẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Google fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò lójú Chrome ní 2023, torí pé àwọn èèyàn ń gbára lé e ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ ni kí o máa kà: wá ìlà wínníkínní yìí (/) tó kọ́kọ́ dá dúró lẹ́yìn orúkọ náà, kí o wá kà á láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Bí orúkọ báǹkì bá wà níwájú, tí ohun tó ṣáájú .com sì jẹ́ orúkọ mìíràn, orúkọ mìíràn yẹn ló ni ín. Èyí tó rọrùn jù ni kí o má tẹ líǹkì kankan. Bí báǹkì bá fẹ́ nǹkan, á wà nínú áàpù wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Òṣogbo kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé ara ìyá wa kò yá, kí n san £1,200 sí àkáǹtì ọ̀rẹ́ òun kan ní London, onítọ̀hún á fún òun ní náírà níbí. Mo san án. Àṣé wọ́n ti gba WhatsApp ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé owó náà ti wọgbó nìyẹn? — Ọmọ Òṣogbo, Peckham*

Ó ṣeé ṣe kó má tíì wọgbó, àbúrò mi. Ìlú tí o wà ló gbè ọ́ nínú èyí. Láti ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 2024, òfin ti wà ní Bìrìtìkó pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tàn mú san owó láti àkáǹtì kan sí òmíràn nínú ìlú náà, báǹkì gbọ́dọ̀ dá a padà fún un, títí dé £85,000. Báǹkì tó san án àti báǹkì tó gbà á ló ń pín gbèsè náà lágbede-méjì. Wọ́n lè yọ £100 níbẹ̀. O ní oṣù mẹ́tàlá láti fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó di ọ̀la. Tẹ 159, wọ́n á so ọ́ mọ́ báǹkì rẹ. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìdí tí o fi san án, sọ òtítọ́, títí kan ti náírà. Ká ní àkáǹtì Nàìjíríà lo san án sí tààrà, òfin yìí kò ní dé ibẹ̀; ó dára bí o ṣe san án sí London.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún WhatsApp fi sórí fóònù rẹ̀, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ wọlé. Bí kóòdù oní-nọ́ńbà mẹ́fà bá dé sórí láìnì rẹ̀ tó sì tẹ̀ ẹ́, olè náà á já bọ́ lójú ẹsẹ̀. Bí olè bá ti fi PIN tirẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ á dúró ọjọ́ méje kó tó lè wọlé, àmọ́ olè ti jáde ná. Kó wá fi PIN tirẹ̀ sí i, kó sì wo ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn sí. Mo fẹ́ fi ẹ̀wà ta tẹ́tẹ́ pé ẹnì kan ló kọ sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣèèṣì fi kóòdù kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín."

Nígbà mìíràn tí ẹ̀gbọ́n bá ń tọrọ owó lórí WhatsApp, bi í ní oríkì ìyá yín.

*Oní-POS ni mí. Álẹ́ẹ̀tì ₦45,000 wọlé sórí fóònù mi, orúkọ báǹkì mi ló wà lókè rẹ̀, mo fún oníbàárà lówó, ó lọ. Owó ò sí nínú àkáǹtì. — Ògbómọ̀ṣọ́*

Orúkọ tó wà lókè ọ̀rọ̀ fóònù, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀ lè kọ èyí tó wù ú síbẹ̀. Ẹ má ka álẹ́ẹ̀tì mọ́, iye tó wà nínú áàpù ni kí ẹ máa wò kí ẹ tó ka owó fún èèyàn. Ẹni tó bá ń kánjú, ẹ fún un ní àga.

*Pásítọ̀ wa máa ń kọ gbogbo páásìwọ́ọ̀dù sínú ìwé, á fi sínú àpótí. Àwọn ọmọ wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ayé àtijọ́ ni. Ta ló tọ́? — Ìyá Ìjọ, Abẹ́òkúta*

Pásítọ̀ ló tọ́, mà. Ẹni tó wà nínú yàrá kan lọ́nà jíjìn, tó ń wá bí yóò ṣe wọ íméèlì yín, kò lè rí inú àpótí Abẹ́òkúta. Ohun tí mò ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ni àwọn ọmọ tí kò kọ nǹkan kan, tí wọ́n ń fi orúkọ àti ọdún ìbí ṣe páásìwọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì ń lo ẹyọ kan ṣoṣo níbi gbogbo. Ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan á ṣí sílẹ̀ fún olè, olè á gbé páásìwọ́ọ̀dù ibẹ̀ lọ dán wò lórí Gmail, á ṣí.

Kí Pásítọ̀ ṣáà jẹ́ kí ti íméèlì dá yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù, kó sì gùn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan dára ju ọ̀rọ̀ kúkurú tó kún fún àmì lọ. Kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì o, mo mọ àwọn pásítọ̀! Kí wọ́n fi Google Authenticator kún un, ìyẹn áàpù tó ń ṣe kóòdù nínú fóònù fúnra rẹ̀, kí kóòdù má máa gba orí SIM nìkan. Google á fún wọn ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá fún ìgbà tí fóònù bá sọnù. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú ìwé náà. PIN ATM ni kí wọ́n má kọ síbẹ̀. Kí wọ́n sì fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà hàn yín, mà, nítorí mo ti bá opó méjì kan jókòó ní báǹkì tí wọn kò tiẹ̀ mọ íméèlì tí ọkọ wọn ń lò.